Ìtàn Adágún Tarn Hows
Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń rìn fàájì yí adágún Tarn Hows ká, ní agbègbè Lake District ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gbà pé bí Ọlọ́run ṣe dá omi àti igbó náà ni wọ́n ṣe wà, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni. Adágún kéékèèké mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí James Garth Marshall, ọlọ́rọ̀ tó ti ṣojú ìlú Leeds nílé aṣòfin, tó gba gbogbo ilẹ̀ náà lẹ́yìn òfin ọdún 1862 tó sọ ilẹ̀ àjọni, èyí tí ará àdúgbò jọ ń da ẹran sí, di ti aládàáni. Ó mọ ògiri sé omi, mẹ́ta di ọ̀kan, ó sì gbin igi páìnì yí i ká. Ẹwà náà kò ṣeé jiyàn, àmọ́ ẹ̀tọ́ àjọni ló bá a lọ. Ní ọdún 1930, Beatrix Potter, òǹkọ̀wé ìtàn ọmọdé, ra ilẹ̀ náà, ó sì ta apá tí adágún wà fún National Trust, àjọ aláàánú tó ń dáàbò bo ilẹ̀ àti ilé àtijọ́. Ọ̀nà tó yí adágún náà ká kò tó kìlómítà mẹ́ta.