Kí Ẹjọ́ Tó Parí: Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, Ojukwu àti Ilé Kan ní Ìkòyí

Nínú kíláàsì ìtumọ̀ èdè tí mo ti ń kọ́ láti ọdún pípẹ́, gbólóhùn kan wà tí ó máa ń fa àríyànjiyàn. Ilé-ẹjọ́ a máa pàṣẹ pé kí nǹkan wà bí ó ti wà títí ẹjọ́ yóò fi parí. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, bí ó ti wà nígbà wo?" Bí wọ́n bá lé ayálégbé jáde lánàá, tí ilé-ẹjọ́ sì sọ lónìí pé kí nǹkan wà bí ó ti wà, ṣé ìta ni kí ó máa gbé? Gírámà kò lè dáhùn ìbéèrè náà. Ìtàn ni mo fi dáhùn rẹ̀.

Ohun méjì ni ẹni tí wọ́n fẹ́ lé kúrò nílé ń wá lọ sí kóòtù. Èkíní ni kí ilé-ẹjọ́ ní agbára láti gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Láti 1962, nígbà tí ẹjọ́ Madukolu àti Nkemdilim wáyé, ni àwọn agbẹjọ́rò wa ti mọ òṣùwọ̀n èyí lórí: kí àwọn adájọ́ tí ó jókòó pé bí òfin ṣe fẹ́, kí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ èyí tí ilé-ẹjọ́ náà lè gbọ́, kí a sì gba ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀ gbé e wá. Èkejì ni kí ohun tí a ń jà lé lórí má bọ́ sọ́wọ́ ẹnìkan kí ìdájọ́ tó dé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ka èkejì yìí sí, nítorí pé kì í sọ ẹni tí ó jàre. Síbẹ̀, bí kò bá sí i, òfìfo ni èkíní.

Abẹ́ ìjọba ológun ni ọ̀rọ̀ yìí ti le jù ní orílẹ̀-èdè wa. Ní 1967, ìgbìmọ̀ tí ń wádìí dúkìá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn pàṣẹ pé kí Lakanmi àti ẹnìkejì rẹ̀ má ta dúkìá wọn, kí owó ilé tí àwọn ayálégbé ń san sì máa wọ àpò ìjọba, títí Gómìnà yóò fi sọ ohun tí ó fẹ́. Ẹ kíyè sí i pé àṣẹ fúngbà díẹ̀ ni èyí náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tí ó fẹ́ gba dúkìá ni idà rẹ̀ wà. Ní oṣù kẹrin 1970, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, lábẹ́ Adájọ́ Àgbà Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá, fagi lé òfin tí wọ́n gbé àṣẹ náà kà. Kò pé oṣù kan tí ìjọba àpapọ̀ fi gbé Òfin Ológun 28 ti ọdún náà jáde, tí ó sọ ìdájọ́ náà di asán. Ohun tí àwọn adájọ́ rí níbẹ̀ korò: bí wọ́n bá kọ òfin ológun sílẹ̀, ológun yóò kọ òmíràn.

Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ilé 29, Queen's Drive, ní Ìkòyí, ṣẹlẹ̀. Ojukwu tí ó ṣe olórí Biafra sá lọ sí Ivory Coast ní 1970. Ààrẹ Shagari foríjì í ní 1982, ó sì padà wálé. Inú ilé yìí ni ó ń gbé, ó ní ti Ojukwu Transport, ilé-iṣẹ́ bàbá òun, ni. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní tirẹ̀ sọ pé ìkáwọ́ òun ni ilé náà wà, kí ó jáde. Ní 1985, ó bẹ Ilé-ẹjọ́ Gíga ti Èkó pé kí ó dá ìjọba lọ́wọ́ kọ́. Kò rí ohun tí ó bẹ̀ fún gbà, ó bá kọrí sí Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn. Ẹ̀bẹ̀ yìí wà nílẹ̀, ìjọba sì mọ̀ pé ó wà nílẹ̀, nígbà tí àwọn ọlọ́pàá gbé ìbọn dé, tí wọ́n lé e síta.

Ibí yìí gan-an ni ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ mi ti bá ìtàn pàdé. Bí "má ṣe" nìkan bá ni àṣẹ ilé-ẹjọ́ mọ, ó ti pẹ́ jù, nítorí ohun tí a ní kí wọ́n má ṣe ni wọ́n ti ṣe. Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn kò fi mọ bẹ́ẹ̀. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n dá ọkùnrin náà padà sínú ilé. Ìjọba kò dá a padà. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ni ó gbà lọ, ó ní kí wọ́n dá ìmúṣẹ àṣẹ náà dúró.

Ní 1986 ni ìpinnu jáde, Adájọ́ Kayode Eso, ọmọ Iléṣà, sì ni ó kọ èyí tí ó ṣíwájú. (Òun kan náà ni ó dá Wọlé Ṣóyínká sílẹ̀ nínú ẹjọ́ ilé-iṣẹ́ rédíò Ìbàdàn ní 1965, ojú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹjọ́ tí ìjọba ń fẹ́ jẹ.) Ohun tí ó sọ, bí mo bá fi ọ̀rọ̀ ara mi sọ ọ́, ni pé ẹni tí ó ti fi kùmọ̀ gba nǹkan kò lè mú kùmọ̀ náà dání kí ó tún wá tọrọ àánú lọ́wọ́ ilé-ẹjọ́, bí ẹni ń fẹ́ dẹ́rù ba adájọ́ ni. Ẹni tí ó bá ti mọ̀ pé ẹjọ́ wà nílẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é mọ́. Adájọ́ Obaseki àti Adájọ́ Oputa wà lára àwọn tí ó fọwọ́ sí i. Wọ́n kọ ẹ̀bẹ̀ ìjọba.

Ọgbọ́n tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé wọn kò bá òfin ológun kankan jà bí ti 1970. Ìjọba fúnra rẹ̀ ni ó wọ kóòtù wá gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́jọ́. Wọ́n kàn ní kí ó kọ́kọ́ ṣe bí ẹlẹ́jọ́ ná. Kò sí òfin tuntun tí ológun lè kọ láti fi dá èyí lóhùn láìdójú ti ara rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa wí pé Ojukwu jàre ilé lọ́dún náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ kò sọ ẹni tí ó ni ilé. Ibi tí kí ó máa gbé kí a tó mọ ẹni tí ó ni ín ni wọ́n sọ.

Idà yìí lójú méjì, mi ò sì fẹ́ kí a gbàgbé ojú kejì. Àwọn baba wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Kí ọdún 1989 tó dé, àwọn kan ti sọ àṣẹ tí a ń gbà lẹ́yìn ẹnìkejì di ohun tí a fi ń há ọ̀tá mọ́. Nínú ẹjọ́ Kotoye àti Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà lọ́dún náà (ọ̀rọ̀ báńkì ni, kì í ṣe ti ilé gbígbé), Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fi gbèdéke sí i: ọ̀rọ̀ kánjúkánjú nìkan ni irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ wà fún, ẹni tí ó bá sì gbà á gbọ́dọ̀ ṣèlérí pé òun yóò san gbà-má-bìínú bí ó bá hàn pé kò yẹ kí òun rí i gbà.

Nílé níbí, ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí kàn mí ni inú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan tí ń bá ọmọ ẹgbẹ́ kọ́lé. Owó ẹnìkan nínú wa kù, àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ sì ti ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ pa nígbà tí ó lọ sọ́jà. Òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti 1993 ní ìlànà tí ó gbé irú aáwọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ síwájú olùdarí tí ìjọba yàn. Wọ́n ní nítorí náà kóòtù kò lẹ́nu níbẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn náà kò tíì dé ọ̀dọ̀ olùdarí tí wọ́n fi ra àgádágodo. Mo ka ìtàn Ìkòyí fún wọn ní ìpàdé. Wọ́n jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún un pé kí ó wọlé sùn, kí ọ̀rọ̀ owó di ti ọ̀dọ̀ olùdarí.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kan dábàá "àalè" fún àṣẹ ìdádúró. Ó dùn létí, ó sì jẹ́ ti ilẹ̀ wa: àmì tí a fi sára oko tàbí ẹrù pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n àalè kì í dá ohun tí wọ́n ti gbé lọ padà, nítorí náà n kò gbà á fún gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó bi mí ní ìbéèrè ọjọ́sí ni ó kọ èyí tí mo fún ní máàkì: "kí nǹkan padà sí bí ó ti wà kí ìjà tó dé."