Àwọn Àwòrán Ìṣirò Du Bois (Paris, 1900)
Nǹkan bí 60 àwòrán ni W. E. B. Du Bois, onímọ̀ nípa àwùjọ, àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Atlanta fọwọ́ yà fún ìpàtẹ àgbáyé tó wáyé ní Paris lọ́dún 1900. Ipò àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, pàápàá ní ìpínlẹ̀ Georgia, ni wọ́n fi hàn: iye wọn, ilẹ̀ tí wọ́n ní, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, iye àwọn tó mọ̀wé.

Èyí tó wọni lára jù ni àwòrán oko ẹrú àti òmìnira láti 1790 sí 1870. Dúdú kirikiri ló gba ojú ìwé náà. Àwọ̀ ewé tín-ín-rín tó wà lókè ló dúró fún àwọn aláwọ̀ dúdú tí kì í ṣe ẹrú. Lọ́dún 1860, ìdá 11 péré nínú 100 ni wọ́n. Nígbà tó fi di 1870, àwọ̀ ewé náà ya wálẹ̀ lójijì, ó sì gba gbogbo ibẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá yóò mọ̀ pé nǹkan ńlá ṣẹlẹ̀. Síbẹ̀, wọ́n tún kọ èdè Faransé sí lára àwọn àwòrán náà nítorí pé ilẹ̀ Faransé ni ìpàtẹ náà ti wáyé.

Ìgbà tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ funfun ń kọ ìwé pé aláwọ̀ dúdú kò lè tẹ̀ síwájú ni èyí. Níhìn-ín, àwọn tí wọ́n ń ka iye wọn gan-an ló di gègé àti ọ̀dà mú. Du Bois gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà níbi ìpàtẹ náà. Ilé-ìkàwé ìjọba àpapọ̀ ní Washington ni àwọn àwòrán náà wà títí dòní.