Mẹsí V-Boot àti Àríyànjiyàn Tí Kò Tán

Níbi tí àwọn tó ní Mẹsí àtijọ́ bá ti pàdé, àríyànjiyàn kan kì í ṣaláì bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan á ní ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn ló ń pẹ́, pé èyí tó wá lẹ́yìn rẹ̀ kò ju ẹwà lásán lọ. Àwọn mìíràn á ní ìfẹ́ ló ń fọ́ àwọn yẹn lójú. Ọkọ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí sábà máa ń dá lé lórí ni èyí tí ilé iṣẹ́ Mercedes-Benz pè ní W124, tí àwa ń pè ní V-Boot nítorí bí ẹnu búùtù rẹ̀ ṣe gé wálẹ̀ láàárín iná ẹ̀yìn méjèèjì. Ìparí ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ fi í han ayé, ọdún 1995 ni wọ́n dá ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ dúró ní Jámánì, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe èyí tó lé ní mílíọ̀nù 2. Lójú tèmi, ohun tí kò jẹ́ kí àríyànjiyàn náà tán ni pé ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń jà lé lórí. Àwọn kan ń ka iye ìgbà tí ọkọ̀ ń kú sójú ọ̀nà. Àwọn yòókù ń wò ó bóyá ó ṣeé jí dìde lẹ́yìn tó bá kú. Ohun kejì yìí ló sọ V-Boot di olókìkí, ọwọ́ àwọn tí kò dé ilé iṣẹ́ Mercedes rí ló sì ti wá jù.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ná. W123 wà lójú ọ̀nà láti 1976 títí di nǹkan bí 1985, nǹkan bí mílíọ̀nù 2.7 ni wọ́n sì ṣe. Ní Morocco, 240D oní-dísù ni wọ́n sọ di takisí ìlú-dé-ìlú, tí èrò 6 àti awakọ̀ ń fún ara wọn pọ̀ sínú rẹ̀ lójoojúmọ́. Ó di ọdún 2014 kí ìjọba ibẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn onítakisí lówó ìrànwọ́ láti fi pààrọ̀ wọn. Onítakisí kan ní ilẹ̀ Gíríìsì ra 240D tí wọ́n ṣe ní 1976, ó fi rin kìlómítà mílíọ̀nù 4.6, ó sì fi ta ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Mercedes-Benz lọ́rẹ ní 2004. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń yin Mẹsí tí wọn kò ní mẹ́nu ba ọkọ̀ yìí. Ohun tí wọ́n sábà máa ń fò dá ni pé kì í ṣe ẹ́ńjìnì kan ló rin gbogbo ìrìn náà: léraléra ni wọ́n ń sọ ẹ́ńjìnì rẹ̀ kalẹ̀, tí wọ́n ń gbé òmíràn sí i, tí wọ́n ń tún èyí tó rẹ̀ ṣe kí ó lè padà wọlé. Bí a bá ní kí ọkọ̀ má bàjẹ́ rárá ká tó yìn ín, a jẹ́ pé ọkọ̀ yìí ti kùnà ṣáájú kí ó tó di gbajúmọ̀.

Nílẹ̀ Yorùbá, ohun ìyangàn ni Mẹsí kí ó tó di ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì. Nígbà tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn ní àwọn ọdún 1970, “Mẹsí ọlọ́yẹ́” ni ọkọ̀ bọ̀gìnnì tí a fi ń mọ olówó. Ní 1985, náírà kan ṣì ju dọ́là kan lọ. Ní oṣù kẹsàn-án 1986, ìjọba Babangida tú náírà sílẹ̀ fún ọjà láti díye lé e, nígbà tó sì fi di 1993, iye tí ìjọba fúnra rẹ̀ ń pe dọ́là kan ti lé ní 20 náírà. Àwọn tí ì bá ra Mẹsí tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í wá tòkunbọ̀. Èyí ló mú kí ọ̀pọ̀ V-Boot dé ọ̀dọ̀ wa gba èbúté Kútọnú àti Èkó, lẹ́yìn tí òyìnbó ti lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kí ló dé tí òyìnbó fi tà á? Ọdún méjì méjì ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ la àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní TÜV kọjá ní Jámánì. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín máa ń sọ abẹ́ ọkọ̀ di ìpata, owó iṣẹ́ ní gáréèjì ibẹ̀ sì ń gun òkè. Ọjọ́ tí owó àtúnṣe bá ti ju owó ọkọ̀ lọ, ọkọ̀ náà ti kú lójú olówó rẹ̀, bí ẹ́ńjìnì rẹ̀ tilẹ̀ ń dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Lọ́dọ̀ wa, kò sí iyọ̀ lójú títì, owó iṣẹ́ kò sì tó ti wọn. Òkú ọ̀hún jí.

Kò dá jí. Ládípọ̀ ní Mushin àti ọjà Gate ní Ìbàdàn ni wọ́n ti ń wá ẹ̀yà ara rẹ̀, tí ẹni tó ń tà á á béèrè bóyá tuntun lo fẹ́ tàbí “Belgium”, ìyẹn èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ mìíràn lókè òkun. Púpọ̀ nínú àwọn mẹkáníìkì mọ́tò yìí kò fi ìwé ilé iṣẹ́ kọ́ ọ. Abẹ́ ọ̀gá ni wọ́n ti kọ́ ọ títí wọ́n fi gba fírídọ̀mù, lórí W123 àti Mẹsí 190 kí V-Boot tó pọ̀. Ẹ̀kọ́ náà sì bá ọkọ̀ tuntun mu, nítorí pé ilé iṣẹ́ náà kì í dédé pa ohun tó wà rẹ́ kí ó tó gbé òmíràn dé. Irú ẹ́ńjìnì ọlọ́pọ́n mẹ́rin tó wà nínú 230E ti W123 ló wà nínú 230E ti V-Boot, a sì rí àbúrò rẹ̀ nínú 190. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tí wọ́n kọ́kọ́ fi sí 190 ní 1982 ni wọ́n mú wá sábẹ́ V-Boot. Ẹni tó bá mọ ọ̀kan, kò ní ṣì nà nínú èkejì. Àyè wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ ń wọ ibi tó yẹ kó wọ̀. Èmi ò mọ ìwọ̀n tí wọ́n lè fi wọn irú nǹkan báyìí nínú ìwé ìpolówó ọjà.

Àwọn tó ní “ti àtijọ́ ló dára” gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ níbi tí a dé yìí, nítorí pé inú V-Boot gan-an ni ẹ̀rí tó tako wọn wà. Láti nǹkan bí 1992 títí dé 1995, awọ tí wọ́n fi bo àwọn wáyà ẹ́ńjìnì jẹ́ irú èyí tí yóò jẹrà wọ́ọ́rọ́wọ́ kí ó má baà ba àyíká jẹ́. Ooru ẹ́ńjìnì kò jẹ́ kí ó dúró de ìgbà yẹn: awọ náà gbẹ, ó ń rún bí àkàrà tó ti sùn, wáyà ìhòòhò wá ń kan ara wọn. Ẹ́ńjìnì á máa gbọ̀n, á máa kú, ó sì lè jó kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ ọn. Nítorí náà, E-Class ọdún 1994 tó tuntun jù lè yọ olówó rẹ̀ lẹ́nu ju 300E ọdún 1988 lọ, wọn ì báà jọ jẹ́ V-Boot. Ti 1988 náà kì í sì í ṣe ẹni mímọ́. Ẹ̀rọ KE-Jetronic tó ń pín epo sí ẹ́ńjìnì rẹ̀ kì í fara mọ́ epo ìdọ̀tí, riléè kékeré tó ń dáàbò bo àwọn ẹ̀rọ iná rẹ̀ sì ti sọ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ di ohun tí wọ́n ń tì. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé rìwáyà tó mọṣẹ́ lè tú wáyà ọkọ̀ 1994 palẹ̀, kí ó sì tún un rán láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin pẹ̀lú wáyà ọjà. Riléè náà, wọ́n ń yọ ọ́ ni, wọ́n ń fi òmíràn sí i.

Ẹnì kan lè ní ojú wa ló ń tàn wá: èyí tó ṣẹ́kù là ń rí, òkú ọkọ̀ kì í wá jẹ́rìí. Òótọ́ ni, mi ò sì ní jiyàn rẹ̀. Nínú mílíọ̀nù 2 ọkọ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó bá ṣẹ́kù á tó láti fi ṣe ìtàn àgbàyanu. Àmọ́ ìwọ̀n tí wọ́n fẹ́ ká fi rọ́pò ẹ̀rí ojú wa náà kò dé ibi tí ìjà wà. Ẹgbẹ́ ADAC ti ń tẹ àkọsílẹ̀ ọkọ̀ tó ń dá dúró lójú ọ̀nà jáde ní Jámánì láti 1978, J.D. Power ti Amẹ́ríkà sì ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ni ọkọ̀ ọlọ́dún 3. Ìgbà ọ̀dọ́ ọkọ̀ ni irú wọn ń wọ̀n. Kò sí èyí tó lè sọ ohun tí ọkọ̀ yóò dà ní ọgbọ̀n ọdún, nígbà tí rọ́bà ti gbẹ, tí ilé iṣẹ́ sì ti dẹ́kun ṣíṣe àwọn ẹ̀yà kan.

Àtakò tó le jù ni Lexus LS 400. Toyota gbé e jáde ní 1989 láti fi kojú Mẹsí, ó kún fún kọ̀ǹpútà, síbẹ̀ ní 2019, èyí tí wọ́n ṣe ní 1996 kan kọjá máìlì mílíọ̀nù 1 ní Amẹ́ríkà. Ṣé kì í ṣe pé iṣẹ́ ilé iṣẹ́ ló ṣe pàtàkì jù, tí mẹkáníìkì kàn ń tẹ̀ lé e? Mo gbà pé LS 400 pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ àìsàn ju V-Boot lọ. Ẹni tó bá jiyàn ìyẹn ń ṣe agídí ni. Ṣùgbọ́n àìsàn náà dé. Ọ́ìlì máa ń jò láti ara pọ́ńpù sítíárìn àwọn tó kọ́kọ́ jáde, á sì máa kán sórí alternator títí yóò fi bà á jẹ́. Àwọn capacitor inú kọ̀ǹpútà àti dáṣíbọ́ọ̀dù wọn ń jò, ojú mítà á ṣókùnkùn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ́kọ́ jáde tó ṣì wà lójú ọ̀nà lónìí ni èyí tí ẹnì kan ti já kọ̀ǹpútà rẹ̀, tó jó capacitor tuntun mọ́ ọn. Ilé iṣẹ́ ló ń pinnu ìgbà tí ìyọnu àkọ́kọ́ yóò dé; ìyókù kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Ohun tó dé bá Mẹsí lẹ́yìn 1995 kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí rọrùn fún ìhà kankan. W210 tó rọ́pò V-Boot ni a mọ̀ sí ọ̀rẹ́ ìpata, kódà níbi tí kò ti pẹ́ púpọ̀. W211 tó tẹ̀ lé e lo bírékì oníná tí wọ́n pè ní SBC. Ní 2005, ilé iṣẹ́ náà pe ọkọ̀ mílíọ̀nù 1.3 padà nítorí bírékì náà àti àwọn ẹ̀rọ iná, nígbà tó sì di 2006, wọ́n yọ SBC kúrò lára E-Class. Àwọn tó fẹ́ràn V-Boot máa ń fi èyí ṣe ẹ̀rín. Ohun tó yẹ kó ká wọn lára jù ni bí SBC ṣe ń ṣiṣẹ́: ó ń ka iye ìgbà tí a tẹ bírékì, bí iye náà bá sì ti pé, á tan iná pupa sójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ì báà ṣì máa di ọkọ̀ mú dáadáa. Kò sí Belgium tó lè bá ọ pa iná yẹn láìsí kọ̀ǹpútà tó ń bá ọkọ̀ náà sọ̀rọ̀. Ní Ládípọ̀, àwọn kan ti ra irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń gbowó lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì yòókù fún un.