Kírìjì: Ta Ni Yóò Rántí Àwọn Tí Kò Gbé Ìbọn?

Ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ni Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè Àgbáyé yà sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí Ọjọ́ Àlàáfíà Àgbáyé. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni ó yẹ kí ilẹ̀ Yorùbá máa rántí àlàáfíà tirẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886, àwọn aṣáájú ogun Ìbàdàn àti ti Èkìtìparapọ̀ tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní Ìmẹ̀sí-Ilé láti fi òpin sí ogun Kírìjì. Níbi tí wọ́n bá ti ń sọ ìtàn ogun náà, orúkọ àwọn akọni ni ó máa ń gba ẹnu: Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí, Ọ̀gẹ̀dẹ̀ngbé Iléṣà, Ààrẹ Látòósà Ìbàdàn. Àwọn tí ogun bá lóko ńkọ́? Àwọn tí ó bá lódò, àti àwọn tí ó bá lórí ẹní àìsàn? Orúkọ tiwọn kì í wọ inú ìtàn.

Ìhà ìwọ̀-oòrùn Èkìtì mọ ogun kí Kírìjì tó dé. Láti àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ti ń gun òkè wá sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, Arámọ̀kọ, Ìjerò àti àwọn ìlú àti abúlé tó yí wọn ká, títí kan agbègbè tí Ìkòrò-Èkìtì wà. Ìlú tí wọ́n bá ṣẹ́gun ni wọ́n máa ń fi ajẹ́lẹ̀ sí. Ajẹ́lẹ̀ ni ó ń gba ìṣákọ́lẹ̀, ará ìlú ni ó ń bọ́ òun àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ìwà ìyànjẹ àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọ̀nyí sì ni ó kún ìlú lọ́kàn ju ìṣákọ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ kan ìyàwó Fábùnmi ní Òkè-Ìmẹ̀sí ní ọdún 1878, idà ni ó fi dá wọn lóhùn. Orí ajẹ́lẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ọ̀tẹ̀ sì ràn kárí Èkìtì. Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà, Ìgbómìnà àti Àkókó para pọ̀, wọ́n fi Ọ̀gẹ̀dẹ̀ngbé ṣe olórí ogun, àwọn ọmọ wọn tó wà ní Èkó sì ń fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí wọn. Ìró ìbọn ńlá tó ń dún láàárín àwọn òkè Ìmẹ̀sí àti Igbájọ ni ó sọ ogun náà ní Kírìjì. Látòósà kú sí ibùdó ogun ní ọdún 1885, àdéhùn wáyé ní ọdún kejì, ṣùgbọ́n ó di ọdún 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó túká pátápátá.

Ìtàn òmìnira ni èyí, ó sì tọ́ kí ọmọ Èkìtì máa fi yangàn. Síbẹ̀, apá kan wà nínú rẹ̀ tí kì í dùn ún sọ. Ènìyàn ni èrè ogun ayé ìgbà yẹn. Bí ìlú bá fọ́, àwọn tí ẹsẹ̀ wọ́n yá a sá gun òkè. Arúgbó, aboyún àti ọmọdé ni ọwọ́ máa ń tẹ̀. Àwọn balógun a pín ìgbèkùn láàárín ara wọn. Àwọn kan di ẹrú oko tó ń gbin oúnjẹ tí àwọn ọmọ ogun ń jẹ, àwọn kan di aláàárù, àwọn ọmọbìnrin di aya nílé ẹni tó kó wọn, àwọn mìíràn sì di owó tí wọ́n fi ń ra ìbọn àti ẹ̀tù. Ogun ń kó ẹrú, ẹrú ń bọ́ ogun.

Kì í ṣe Ìbàdàn nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́. Kí Ọ̀gẹ̀dẹ̀ngbé tó di olórí ogun Èkìtìparapọ̀, òun náà ti jagun káàkiri ìhà ìlà-oòrùn Èkìtì àti Àkókó, ó sì ti kó àwọn ènìyàn ibẹ̀ lẹ́rú. Ère rẹ̀ dúró ní Iléṣà lónìí. Kò sí ẹni tí yóò ní kí wọ́n wó o, nítorí ipa tí ó kó nínú òmìnira kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ohun tí ère kan ṣoṣo kò lè ṣe ni pé kí ó sọ ìtàn tán.

Ìwé pàápàá kò sọ ọ́ tán. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ìwé ìtàn rẹ̀ lórí ilẹ̀ Yorùbá jáde ní ọdún 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀, wà lára àwọn tó ń rin ìrìn àlàáfíà láti ibùdó kan sí èkejì. Òun àti Àlùfáà Charles Phillips ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ìlàjà lọ sí iwájú ogun ní ọdún 1886. Bí ó ti rí ìpọ́njú náà tó, orúkọ àwọn ìjòyè ogun ni ó kún inú ìwé rẹ̀. Ìwọ̀nba ìgbèkùn díẹ̀ ni ó rí ààyè fi ẹnu ara wọn sọ tiwọn. Samuel Ajayi Crowther, tí wọ́n kó ní Òṣoògùn ní ọdún 1821 nígbà tó wà lọ́mọdé, kọ ìròyìn ọjọ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1837. Ọdún 1846 ni ó tó tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ìròyìn ọmọ kan péré nìyẹn, ó sì jẹ́ kí ayé mọ bí ìlú ṣe ń fọ́. Mélòó ni irú rẹ̀ tó ti Ìjerò, Ẹ̀fọ̀n tàbí Ìkòrò lọ tí kò ní ìwé tí yóò kọ ọ́ sí?

Níbi tí ìwé ti dákẹ́, igi gbígbẹ́ ti sọ díẹ̀. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè jẹ́ ìlú àwọn agbẹ́gilére. Níbẹ̀ ni wọ́n bí Ọlọ́wẹ̀, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1873. Ọmọ kékeré ni, nítorí náà, nígbà tí ọ̀tẹ̀ Fábùnmi bẹ́ sílẹ̀. Ní ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún ààfin Ìkéré, tí wọ́n gbé lọ síbi àfihàn ní Wembley ní ọdún 1924, tó sì wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Lọ́ńdọ̀nù báyìí, ọba jókòó, òyìnbó aṣojú ìjọba sì ń bọ̀ lórí àga tí wọ́n gbé e sí. Ṣùgbọ́n Ọlọ́wẹ̀ kò gbàgbé àwọn aláàárù tó ru ẹrù sórí. Ní Ẹ̀fọ̀n kan náà, Agbọ́nbíọfẹ́ ti ìdílé Adéṣínà gbẹ́ àwọn òpó fún ààfin Aláayè ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Jagunjagun orí ẹṣin wà lára wọn, ìyá ọlọ́mọ náà sì wà níbẹ̀. Orí àwọn méjèèjì ni òrùlé ọba jókòó lé.

Ọdún Ẹ̀pà sọ ọ̀rọ̀ yìí yéni jù bẹ́ẹ̀ lọ. Agbárí onígi tó wúwo ni Ẹ̀pà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá lágbára ni ó lè gbé e jó. Lórí agbárí kan, jagunjagun a jókòó sórí ẹṣin pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Lórí òmíràn, obìnrin kan a gbé ọmọ dání, ọmọ a sì yí i ká. Agbo kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń jó. Ìlú tó bá yìn jagunjagun tí kò júbà ìyá ọlọ́mọ kò tíì parí ọdún rẹ̀.

Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni Pablo Picasso lò ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 1937, tí í ṣe ọjọ́ Ajé, ọjọ́ ọjà, ọkọ̀ òfuurufú ogun ju bọ́ǹbù sí ìlú Guernica ní Sípéènì. Nínú àwòrán ńlá tí Picasso yà nípa rẹ̀, kò sí ọ̀gágun kankan. Ìyá kan gbé òkú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń ké.

Ní Nàìjíríà gan-an, Asaba ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 1967, lákòókò ogun abẹ́lé, àwọn ará ìlú náà wọ aṣọ funfun, wọ́n ń jó jáde láti kí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀. Wọ́n ya ọkùnrin sọ́tọ̀, àtàgbà àtọ̀dọ́, wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n ní Ogbe-Osowa. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọba dákẹ́. Àwọn tó yè é kò dákẹ́: wọ́n sọ ohun tí ojú wọ́n rí, àwọn òǹkọ̀wé gbà á sílẹ̀, títí tí Ọ̀gágun Yakubu Gowon fi wá tọrọ àforíjì ní Asaba ní ọdún 2002. Àforíjì kò jí òkú, ṣùgbọ́n ó mú irọ́ kúrò lórí sàréè.

Àwọn kan yóò ní kí wọ́n má hú egbò tó ti jiná, kí Èkìtì àti Ìbàdàn má tún máa wo ara wọn ní ìwòkuwò. Ìbẹ̀rù náà kò láìnídìí, ṣùgbọ́n ìtàn fúnra rẹ̀ ti dá a lóhùn. Ọ̀pọ̀ ìgbèkùn Èkìtì kò padà sílé. Ìbàdàn ni wọ́n bímọ sí, ọmọ wọn sì di ọmọ Ìbàdàn. Àwọn mìíràn tó padà ni wọ́n gbé ìgbàgbọ́ Kristẹni wá sí ìlú wọn. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tí wọ́n kó àti ti ẹni tó kó o ti dà pọ̀ nínú ilé kan náà. Ìrántí wọn kò lè di ẹ̀sùn ìlú kan sí èkejì. Ogún àjọpín ni.

Ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe ti àtijọ́ nìkan. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, àwọn oníbọn pa ọba méjì ní Èkìtì, ọjọ́ kan náà ni àwọn ajínigbé kó àwọn ọmọ ilé-ìwé àti olùkọ́ wọn lọ ní Èmùré. Ìbẹ̀rù ojú ọ̀nà oko tí àwọn baba ńlá mọ̀ ti padà wá ní orúkọ mìíràn. Ìlú tó bá ka ẹni tí wọ́n jí gbé ní ọdún 1878 sí ènìyàn, kò ní í ka ẹni tí wọ́n jí gbé lónìí sí iye lásán.

Ní ọdún 2036, àdéhùn Ìmẹ̀sí-Ilé yóò pé 150 ọdún. Àkókó ṣì wà. Àwọn ìdílé ṣì wà ní Ìkòrò, Ìjerò, Arámọ̀kọ àti Ẹ̀fọ̀n tí oríkì wọn mẹ́nu ba ẹni tí ogun kó lọ tí kò padà. Kí àwọn ilé-ìwé rán ọmọ lọ jókòó ti àwọn àgbà, kí wọ́n kọ orúkọ wọ̀nyẹn sílẹ̀ kí ẹnu tó mọ̀ wọ́n tó dákẹ́. Kí ìlú kọ̀ọ̀kan gbẹ́ òpó kan, kí Ìbàdàn náà gbẹ́ tirẹ̀, kí wọ́n rì wọ́n mọ́lẹ̀ pọ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé níbi tí ìbọn ti dákẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́, kí jagunjagun wà lórí òpó náà. Kí ìyá ọlọ́mọ má ṣe aláìsí níbẹ̀.