Odò Jakara àti omi kànga wa ní Kánò

Gbogbo wa la mọ̀ pé 1911 ni rélùwéè dé Kánò, tí àwọn bàbá wa bá a dé, tí wọ́n sì fìdí kalẹ̀ sí Sabon Gari. Ìtàn omi ìlú yìí ni a kì í sábà sọ.

Odò Jakara ti wà kí àwa tó dé. Heinrich Barth, òyìnbó Jámánì tó wọ Kánò ní 1851, kọ ọ́ sílẹ̀ pé adágún Jakara tó wà láàárín ìlú dọ̀tí. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí ìgbà yẹn, ti èèyàn àti ti ẹran ni. Bàgàrùwá, èso igi, ni àwọn Hausa fi ń ṣe awọ. Àwọn ilé iṣẹ́ awọ ìgbàlódé ló mú chromium dé. Omi ilé iṣẹ́ Bompai ń ṣàn sínú Jakara, ó ń pàdé omi gọ́tà ilé wa níbẹ̀.

Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi yìí ni àwọn àgbẹ̀ ń fi pọ́ǹpù fà sóko sàláàdì àti kábéèjì. Ó ní ajílẹ̀ nínú, kò sì wọ́n. N ò bá wọn wí. Àwa náà la ń ra ẹ̀fọ́ ọ̀hún.

Àmọ́ omi tí wọ́n dà sóko kì í dúró lókè. Ewéko mu díẹ̀, oòrùn fà díẹ̀, ìyókù rọra wọlẹ̀ lọ bá omi kànga. Iyẹ̀pẹ̀ máa ń sẹ́ èérí àti ọ̀pọ̀ kòkòrò, ìdí nìyẹn tí omi kànga fi ń mọ́ lójú. Chromium, ọ̀pọ̀ rẹ̀ máa ń há sínú ilẹ̀, ṣùgbọ́n oríṣi rẹ̀ kan tó burú jù ń bá omi lọ. Nitrate tó ń ti ara ìgbẹ́ àti ìtọ̀ wá ńkọ́? Iyẹ̀pẹ̀ ò lè dá a dúró. Bó bá pọ̀ nínú omi tí a fi po oúnjẹ ọmọ jòjòló, ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà ò ní lè gbé afẹ́fẹ́ dáadáa mọ́, ó sì lè pa á. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó má kọjá 50 mílígíráàmù nínú lítà kan.

Àwọn òbí wa kọ́ wa pé ká máa se omi. Ó dáa, ó ń pa kòkòrò. Ṣùgbọ́n kì í lé nitrate lọ. Ṣe ló ń ki sí i, torí omi ló ń gbẹ, òun kì í gbẹ.

Nítorí náà, ẹni tí kànga tàbí borehole rẹ̀ bá sún mọ́ oko etí Jakara, kó gbé omi náà lọ yẹ̀ wò ní láàbù. Kí èsì tó dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá omi mìíràn po oúnjẹ ọmọ.