Ìbàdàn àti Ìdíje fún Ipò Olórí Òṣìṣẹ́

Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ mẹ́rin wà tí aráàlú ti ń dìbò yan kọmíṣánnà fún ọ̀ràn òṣìṣẹ́: Georgia, North Carolina, Oklahoma àti Oregon. Kò sí irú ìbò bẹ́ẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Gómìnà ló ń yan kọmíṣánnà, òfin Nàìjíríà ọdún 1999 sì ti fi ọ̀ràn iṣẹ́, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti owó oṣù tó kéré jù sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀. Bí a bá wá ń wá ipò òṣìṣẹ́ kan tí wọ́n ń díje fún jákèjádò ìpínlẹ̀, ti alága ìpínlẹ̀ fún NLC, àgbájọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Nàìjíríà, ló sún mọ́ ọn jù. Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ bí irú ìdíje yìí ṣe délẹ̀ yìí, Ìbàdàn ni yóò bẹ̀ wò, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn aṣojú òṣìṣẹ́ Nàìjíríà péjọ síbẹ̀ láti yan olórí. Ti àkọ́kọ́ tún fọ́ wọn sí méjì, ti ẹ̀ẹ̀kejì sọ wọ́n di ọ̀kan.

Ìbẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́

Àwọn akọ̀wé ìjọba ló kọ́kọ́ dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ní ọdún 1912. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, NUT, tẹ̀ lé e ní 1931, Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti sì ni ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Òfin tó fàyè gba fíforúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ jáde ní 1938. Ní 1945, òṣìṣẹ́ rélùwéè àti ti ìjọba da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tó lé ní oṣù kan nítorí ọ̀wọ́n gógó ọjà. Michael Imoudu, olórí òṣìṣẹ́ rélùwéè tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fi sí àhámọ́ tẹ́lẹ̀, sì di ẹni tí gbogbo òṣìṣẹ́ mọ orúkọ rẹ̀.

Ìpolongo Màpó kọ́ ni ti òṣìṣẹ́

Ní àwọn ọdún 1950, olóṣèlú Adégòkè Adélabù ló kọ́ Ìbàdàn bí a ti ń polongo ìbò. Ẹgbẹ́ Mábọlájẹ́ tirẹ̀, tó bá ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC rìn, wọ agbo ilé kan dé òmíràn, láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ owó orí gún àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò ní kẹ́ṣẹ́. Ní 1954 wọ́n gba ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Ìbàdàn, Adélabù sì di alága rẹ̀ ní Màpó. Ẹni tó bá lè mú èrò jáde ló ń wọlé.

Ti òṣìṣẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Aṣojú ẹgbẹ́ ló ń dìbò níbẹ̀, àwọn aṣojú yìí kò sì pọ̀. Ẹni tó ń díje kò nílò ìlù àti orin. Ohun tó nílò ni kí olórí ẹgbẹ́ olùkọ́, ti nọ́ọ̀sì, ti òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ àti ti báńkì gbà láti kó ìbò wọn fún un. Ìdúnàádúrà ni púpọ̀ nínú ìpolongo náà, kí ọjọ́ ìbò tó pé.

Ìbàdàn, 1962: ìpínyà

Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira, àgbájọ òṣìṣẹ́ ńlá méjì ló wà, TUCN àti NTUC ti Imoudu. Kì í ṣe owó oṣù ló pín wọn níyà. Ogun Tútù láàárín Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà ló dé bá wọn: àwọn kan fẹ́ dara pọ̀ mọ́ ICFTU, àgbájọ òṣìṣẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn, àwọn mìíràn kò fẹ́ rí i sójú.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1962 wọ́n pàdé ní Ìbàdàn láti di ọ̀kan. Wọ́n dìbò lórí ọ̀ràn ICFTU, àwọn tó fara mọ́ ọn sì pọ̀ jù. Ni Imoudu àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ bá fi ìpàdé sílẹ̀, wọ́n lọ dá tiwọn sílẹ̀. Àwọn tó kù fi H. P. Adébọ́lá, tí òun náà ti inú òṣìṣẹ́ rélùwéè wá, jẹ ààrẹ àgbájọ tuntun, ULC. Ìpínyà náà kò tán bọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fìmọ̀ ṣọ̀kan fún ìyanṣẹ́lódì ńlá ti oṣù Kẹfà 1964.

Ìbàdàn, 1978: ìṣọ̀kan

Ní 1974, níbi ìsìnkú olórí òṣìṣẹ́ kan ní itẹ́ òkú Àpẹ̀nà ní Èkó, àwọn aṣáájú jẹ́jẹ̀ẹ́ láti parí ìjà. Ní oṣù Kejìlá 1975 wọ́n dá NLC sílẹ̀, wọ́n sì fi Wahab Goodluck jẹ ààrẹ. Ìjọba ológun kò gbà á. Ó gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde, ó sì yan alákòóso M. O. Abíọ́dún láti tún ẹgbẹ́ tò. Ẹgbẹ́ kéékèèké tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan di 42 péré, ẹ̀ka iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀. Ní 1977 ìjọba fòfin de aṣáájú 11 pé wọn kò gbọdọ̀ ṣe òṣèlú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ mọ́, Imoudu àti Goodluck wà nínú wọn.

Èyí ni kí ẹni tó bá ń yin ìbò Ìbàdàn rántí: ìjọba ti ro oko náà kí wọ́n tó gbin ohunkóhun sí i. Ní ìparí oṣù Kejì 1978, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ 42 péjọ sí Ìbàdàn, wọ́n sì dìbò yan Hassan Súnmọ́nù, ọmọ Òṣogbo, láti inú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba onímọ̀ ẹ̀rọ. Inú Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni Òṣogbo wà nígbà náà. Òfin 22 ti ọdún náà sì sọ NLC di àgbájọ kan ṣoṣo.

Bí ìjọba bá rò pé ọmọ tó ń gbọ́ràn ni òun bí, ó ṣìnà. Ní Kano ní 1981, David Ojeli bá Súnmọ́nù díje fún ipò ààrẹ, Súnmọ́nù borí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà ó pe ìyanṣẹ́lódì ọlọ́jọ́ méjì, owó oṣù tó kéré jù sì kúrò ní ₦100, ó di ₦125.

Lẹ́yìn ìgbà náà

Ìbò òṣìṣẹ́ kò bọ́ lọ́wọ́ wàhálà. Ìbò Benin ní 1988 pín NLC, ìjọba ológun Babangida sì tú u ká kí wọ́n tó yan Paschal Bafyau ní ààrẹ. Ìjọba ológun Abacha náà tú u ká ní 1994. Adams Oshiomhole di ààrẹ NLC ní 1999, lẹ́yìn náà ó lo òkìkí rẹ̀ láti di gómìnà Edo ní 2008. Òfin 2005 fòpin sí àgbájọ kan ṣoṣo, ó sì sọ wíwọ ẹgbẹ́ di ọ̀ràn ìfẹ́ inú ẹni.

Ìtàn ìpàdé Ìbàdàn méjèèjì fi hàn pé ẹni tó yan aṣojú ló ní ìbò. Télọ̀ Bẹẹrẹ, gbẹ́nàgbẹ́nà Bẹ́yẹrúnká àti alátà Ọjà'ba kò sí nínú ìbò náà, bẹ́ẹ̀ òṣìṣẹ́ ni wọ́n. Ìwọ olùkọ́, nọ́ọ̀sì tàbí akọ̀wé tí wọ́n ń yọ owó ẹgbẹ́ lára owó oṣù rẹ, lọ sí ìpàdé ẹ̀ka rẹ, béèrè ẹni tí yóò ṣojú rẹ, kí o sì sọ ohun tí o fẹ́ fún un kí ó tó lọ dìbò.