Dísù, Èéfín àti Ohun Tí Ojú Kò Rí

Orúkọ ènìyàn ni dísù kí ó tó di orúkọ epo. Rudolf Diesel, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Jámánì tí a bí sí ìlú Paris ní ọdún 1858, ni ó ni ín. Èdè wa kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí ẹnu wa fi gé ìparí orúkọ náà sọnù. Ní Sábó, ní Ilé-Ifẹ̀, àdúgbò tí orúkọ tirẹ̀ wá láti inú èdè Hausa, ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni, nítorí dísù ni tírélà àti ẹ̀rọ amúnáwá ńlá ń mu.

Ní ọdún 1893 ni Diesel gba ìwé àṣẹ lórí èrò rẹ̀. Ní 1897, ní ìlú Augsburg, ẹ̀rọ náà sọ nǹkan bí ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún agbára inú epo di iṣẹ́. Níbi ìpàtẹ ńlá Paris ní ọdún 1900, epo ẹ̀pà ni wọ́n fi mú irú ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́, nítorí ojú ìjọba Faransé wà lára ẹ̀pà ilẹ̀ Áfíríkà.

Ẹ̀rọ dísù kì í lo pílọ́ọ̀gì láti ṣáná. Afẹ́fẹ́ ni ó ń fún mọ́ra títí yóò fi gbóná janjan. Bí epo bá ti ta sínú rẹ̀, yóò gbiná fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n epo àti afẹ́fẹ́ kì í pò dọ́gba. Níbi tí epo ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, èéfín dúdú ni yóò jáde. Níbi tí afẹ́fẹ́ ti tó, tí ooru sì ju nǹkan bí 1,900°C lọ, náítírójìn àti ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ yóò so pọ̀ di gáàsì olóró.

Láti bọ́ lọ́wọ́ méjèèjì, àwọn onímọ̀ ronú pé kí iná inú ẹ̀rọ má gbóná jù. Ní àwọn ọdún 1990, Nissan àti Toyota ní Japan ṣe iṣẹ́ pàtàkì lórí èyí. Wọ́n ń dá díẹ̀ nínú èéfín padà sínú ẹ̀rọ kí ooru lè rọlẹ̀, wọ́n sì ń jẹ́ kí epo pò mọ́ afẹ́fẹ́ kí ó tó gbiná. Síbẹ̀, ẹni tí ó ti fi igi tútù dáná rí mọ̀ pé iná tí kò gbóná tó kì í jó tán: epo tí kò jó àti gáàsì kábọ́ọ̀nù mónóksáìdì ni yóò kù.

Epo fúnra rẹ̀ tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Imí ọjọ́ inú dísù a máa di ásíìdì bí èéfín tí a dá padà bá tutù, a sì máa jẹ irin. Tẹ́lẹ̀, Nàìjíríà máa ń gba ìdá 3,000 imí ọjọ́ nínú mílíọ̀nù láàyè, nígbà tí ìdá 10 péré ni òfin Yúróòpù fàyè gbà láti 2009. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, ní Àbújá, Nàìjíríà, Benin, Togo, Ghana àti Côte d'Ivoire fohùn ṣọ̀kan láti sọ ọ́ di 50.

Kí ni èyí kan èdè? Àwọn àgbà ní ìwà ni èéfín, bí a bò ó mọ́lẹ̀, yóò rú. Èéfín tí wọ́n mọ̀ ni èyí tí ojú ń rí. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2015, ìjọba Amẹ́ríkà fi ẹ̀sùn kan Volkswagen pé ó fi ètò kọ̀ǹpútà bo gáàsì náítírójìn inú ọkọ̀ dísù rẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà àyẹ̀wò; ilé iṣẹ́ náà sì jẹ́wọ́. Gáàsì yìí kò ní orúkọ lẹ́nu wa. Ní 2012, àjọ ìwádìí jẹjẹrẹ ti Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé èéfín ẹ̀rọ dísù a máa fa jẹjẹrẹ. Ẹni tí ń tajà lẹ́bàá títì ní Sábó mọ èéfín dúdú, ó sì lè fi aṣọ bo imú. Èyí tí kò dúdú ń kọjá lójú rẹ̀ bí afẹ́fẹ́ lásán. Mo dábàá pé kí a máa pè é ní èéfín àìrí. Bí ọ̀rọ̀ náà bá dé ọjà àti kíláàsì, àwọn ènìyàn yóò lè bi ìjọba léèrè irú epo tí a ń tà fún wọn.